Bí a ṣe ń fi máàpù àtijọ́ wá ojú ilé àná ní ilẹ̀ Òkun

Ẹnì kan á rí máàpù ayé òyìnbó, á rí orúkọ ìlú rẹ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Á gbé àwòrán náà lé orí máàpù òde òní, á so Mọ̀pà àná mọ́ Mọ̀pà òní, á so Kàbà mọ́ Kàbà, á sì tẹ̀lé fóònù lọ sí ibi tí ó pè ní ìlú àwọn baba rẹ̀. Tó bá débẹ̀, oko iṣu olóko ni yóò bá. Kì í ṣe pé máàpù purọ́. Ìlú ló kúrò níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀pọ̀ ìlú ní Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú ló sá gun òkè lásìkò ogun Núpé, tí wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba, orúkọ kan náà sì ni wọ́n gbé kiri. Ẹni tó bá fi ìlú so máàpù mọ́lẹ̀, ohun tó ń rìn ló so ó mọ́.

Ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ojú ilé àná, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tàbí abà tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Kò wà fún ẹjọ́ ilẹ̀. A ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ohun tí ẹ nílò

- Máàpù méjì, ó kéré tán, tí ọdún wọn jìnnà síra. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba òyìnbó (1:250,000 tàbí 1:125,000 ni ẹ sábà máa rí), kí èkejì jẹ́ 1:50,000 (sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà jẹ́ mítà 500 lórí ilẹ̀) tí wọ́n yà láti inú fọ́tò bàálù.
- Rúlà onírin gígùn, ẹni tó ní ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà ló dára jù, àti pẹ́ńsù tó mú.
- Kọ̀ǹpútà tí QGIS, ètò tí a fi ń ṣiṣẹ́ máàpù, wà lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.
- Fóònù tó ń mú GPS, àti ìwé kékeré tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí.
- Àgbàlagbà méjì láti agboolé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti ọdẹ kan tó mọ igbó náà.

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ sí Ìbàdàn nítorí pé Yorùbá ni wá. Abẹ́ Àríwá ni Kabba Province wà, Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná ni ìwé rẹ̀ pọ̀ sí. Àwọn máàpù 1:50,000 ńkọ́? Ọ́fíìsì Surveyor-General ti ìjọba àpapọ̀ ni kí ẹ ti bèèrè, kí ẹ sì wo ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja pẹ̀lú.

Nọ́ńbà ṣíìtì (ewé máàpù kọ̀ọ̀kan) ni kí ẹ bèèrè, ẹ má bèèrè orúkọ ìlú. Ṣíìtì Kàbà ni 246, Lọ́kọ́ja ni 247, Ìsánlú ni 225, Ìkọ̀lé ni 245. Ṣíìtì 1:100,000 kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́rin tó jẹ́ 1:50,000, tí wọ́n fi NE, NW, SE àti SW dá mọ̀ yàtọ̀. Etí ìwọ̀ oòrùn 246 ni Kàbà fúnra rẹ̀ sún mọ́, kìlómítà bíi mẹ́jọ péré ló wà láàárín ìlú àti etí bébà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wá ìlú Ìjùmú fi máa ń ra ṣíìtì Kàbà tí kò sì ní rí i: apá tó pọ̀ nínú Ìjùmú bọ́ sórí ṣíìtì Ìkọ̀lé. Mọ̀pà ń bẹ lórí 225.

1. Ẹ mọ ọjọ́ orí máàpù náà

Ọdún mẹ́ta lè wà létí máàpù kan: ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀, ọdún tí wọ́n tún un ṣe, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èyí tó tóbi jù lójú yín sábà máa ń jẹ́ ọdún ìtẹ̀jáde, òun gan-an ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Máàpù tí wọ́n tẹ̀ ní 1950 lè jẹ́ ìwọ̀n ogún ọdún ṣáájú.

Tí kò bá sí ọdún kankan, ẹ wo orúkọ ìjọba. Tí wọ́n bá kọ Protectorate of Northern Nigeria sí i, ó wà láàárín 1900 sí 1913. "Northern Provinces" wá lẹ́yìn 1914. Tí "Kwara State" bá wà lórí rẹ̀, ó ti lé ní 1967. Tí "Kogi State" bá wà lórí rẹ̀, kò lè ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ẹ tún ka àkọsílẹ̀ tó sọ bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ṣe yà kúrò ní àríwá gidi, torí ọdún kan máa ń tẹ̀ lé e.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ gbólóhùn kan pé, "Bí ilẹ̀ ṣe rí ní nǹkan bí ọdún báyìí ni máàpù yìí fi hàn." Tí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ má tíì tẹ̀síwájú.

2. Ẹ wọn bébà náà kí ẹ tó gbà á gbọ́

Bébà máa ń sún kì, ẹ̀rọ ẹ̀dà sì máa ń fà á tàbí kó dín in kù. Ní agbègbè wa, ìṣẹ́jú 15 látítúùdù tàbí lọ́ńgítúùdù jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 27.6. Nítorí náà, ìhà kọ̀ọ̀kan ṣíìtì 1:50,000 gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 55. Lórí 1:125,000, ìṣẹ́jú 30 gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 44.

Ẹ fi rúlà wọn ọ́n lóòró, ẹ tún wọn ọ́n níbùú. Ká ní ohun tó yẹ kó jẹ́ 55 wá jẹ́ 53, òṣùwọ̀n ẹ̀dà yín ti di nǹkan bíi 1:52,000, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kọ sísàlẹ̀. Tí òró bá sì yàtọ̀ sí ìbú, ẹ̀dà náà ti wọ́. QGIS lè tún ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n rúlà kò lè tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi rúlà nìkan ṣiṣẹ́, kó gbé ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ jù sílẹ̀, kó wá èyí tí kò wọ́, kó sì lo àmì òṣùwọ̀n tí wọ́n yà sísàlẹ̀ máàpù, torí òun àti bébà jọ ń sún kì pọ̀ ni.

3. Ẹ yàwòrán rẹ̀ dáadáa

Ẹ̀rọ sikánà ló dára jù, ní 300 dpi (ojú àwòrán 300 nínú íǹṣì kan). Ní ìwọ̀n yẹn, ojú àwòrán kan lórí 1:50,000 jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́rin lórí ilẹ̀, ó sì ti tó. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan ni ilé ìpamọ́ gbà yín láyè láti lò, ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ dúró sókè gan-an kí ẹ má yà á láti ẹ̀gbẹ́, ẹ pa iná fóònù. Kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú àwòrán. Ẹ ya etí máàpù àti àlàyé àwọn àmì lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé etí yìí sọnù pé kò sí ìlú níbẹ̀, wọ́n á wá máa wá ọdún àti òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá délé.

4. Ẹ yan ibi tí ẹ ó fi so ó mọ́lẹ̀

Ẹ má kánjú níbí. Òkúta àti omi ni kí ẹ fi so máàpù, ẹ má fi ìlú so ó. Ṣùgbọ́n gbogbo òkúta kọ́, gbogbo omi sì kọ́.

Òkè àpáta tó ní orí ṣónṣó dára púpọ̀, irú èyí tó yí Ògìdì ká tí ó sì wà káàkiri Ìjùmú àti Yàgbà. Ẹni tó wọn ilẹ̀ nígbà náà gun orí rẹ̀ tàbí kó na ojú sí i láti òkèèrè, fọ́tò láti ojú ọ̀run sì ń fi í hàn dáadáa lónìí. Ẹ má lo Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja tàbí òkè Agbájà bí ẹni ń lo ṣónṣó. Òkè tó tẹ́ lórí ni wọ́n. Ibi tí awọnlẹ̀ kan pè ní orí rẹ̀ lè jìnnà tó kìlómítà kan sí ibi tí ẹ̀yin ó pè é. Tó bá di dandan kí ẹ lò ó, ẹ mú ibi tí etí rẹ̀ ti já wálẹ̀ tàbí igun rẹ̀ tó yọ síta.

Ibi tí odò méjì ti pàdé lórí àpáta dára, nítorí odò tó ń gba inú àpáta kọjá kì í tètè yí ọ̀nà padà. Ìdàpọ̀ odò Ọya àti Bẹ́núé ní Lọ́kọ́ja kò dára rárá, bó ti lókìkí tó yẹn. Yanrìn ibẹ̀ ń ṣí kiri, etí omi ìgbà òjò kì í sì ṣe etí omi ìgbà ẹ̀rùn. Ẹ ṣọ́ra fún àgbègbè Ejiba pẹ̀lú: ìsédò Omi ti bo apá kan odò Kampe mọ́lẹ̀, ibi tí máàpù àtijọ́ fi ìpàdé odò sí lè ti wà lábẹ́ adágún. Ní Ọbàjànà, iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wa ilẹ̀ kan débi tí àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn kò fi bá ohun tó wà níbẹ̀ mu mọ́.

Ọ̀nà mọ́tò ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n ti na ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ́. Afárá àtijọ́ nìkan ni mo lè fọwọ́ sí, tí òpó rẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ mú ibi mẹ́jọ sí méjìlá, kí wọ́n tàn ká gbogbo máàpù títí dé igun. Bí gbogbo wọn bá pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò máa fì bí ilẹ̀kùn tí a kàn ní ìṣó kan ṣoṣo. Ẹ fún ibi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi gbà á sínú ìwé.

5. Ẹ gbé e sínú QGIS

Ẹ ṣí Georeferencer, ibi tí QGIS ti ń so àwòrán mọ́lẹ̀. Lórí QGIS tuntun, abẹ́ Layer ló wà. Lórí èyí tó ti pẹ́, abẹ́ Raster ni.

Tó bá jẹ́ ṣíìtì 1:50,000 tàbí 1:100,000, igun rẹ̀ ní látítúùdù àti lọ́ńgítúùdù. Ẹ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ iye tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún QGIS pé Minna ni, nọ́ńbà rẹ̀ EPSG:4263. Ẹ má sọ pé WGS 84 ni. Òpó Minna ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ Nàìjíríà, òun àti WGS 84 tí GPS fóònù ń lò kò sì bára mu. Ní agbègbè wa, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 90 mítà, tó pọ̀ jù láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Tí gbogbo nǹkan bá ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan náà ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ibí ni ẹ ti ṣìnà.

Ìṣòro tó tún burú ju ìyẹn lọ ń bẹ fún àwọn tó bá fẹ́ lo mítà dípò dígírì. Ìlànà UTM, tó ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà, pín ayé sí zone; lọ́ńgítúùdù 6 ni ààlà láàárín zone 31 àti zone 32, ààlà yìí sì gba inú ilẹ̀ Òkun kọjá gan-an. Ìyàrà àti Mọ̀pà wà ní zone 31, Kàbà bọ́ sí 32. Nọ́ńbà ìlà oòrùn (easting) àárín ìlú Kàbà jẹ́ nǹkan bí 177,000 mítà ní zone tirẹ̀. Ẹni tó bá wọn ọ́n láti zone 31 yóò rí nǹkan bí 839,000. Ẹ pa nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan, àwọn ibi kan á fò lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn máàpù tó ń lo "belt", ìpín mítà ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ní ìdẹkùn tiwọn: Kàbà wà ní West Belt, Lọ́kọ́ja ní Mid Belt, nítorí 6°30′ ni ààlà wọn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ fi dígírì ṣe gbogbo rẹ̀.

Fún máàpù ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba òyìnbó, ẹ má gbẹ́kẹ̀lé ìlà dígírì rẹ̀. Òkè àti odò tí ẹ yàn ní ìpele 4 ni kí ẹ lò.

Lábẹ́ Transformation type (ọ̀nà tí QGIS ń gbà yí àwòrán kó bá ilẹ̀ mu), Polynomial 1 ni kí ẹ mú. Ibi mẹ́ta ló kéré jù fún un, mẹ́fà fún Polynomial 2, mẹ́wàá fún Polynomial 3. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré mú Polynomial 3 tàbí Thin Plate Spline nítorí pé àṣìṣe máa ń dín kù lójú ìwé. Ẹ̀tàn ni. Ńṣe ló ń tẹ máàpù wọ́ kó lè bá àwọn ibi tí ẹ yàn mu, títí kan èyí tí ẹ yàn ní àṣìṣe, ilẹ̀ tó wà láàárín wọn á sì bàjẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wo àṣìṣe ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí i sí mítà tí QGIS kò bá fi mítà kọ ọ́. Tí mẹ́jọ bá wà ní 150 mítà tí ẹyọ kan wá jẹ́ 900, ẹyọ yẹn kì í ṣe òkè tí ẹ rò. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un wò. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ibi méjì tí ẹ kò lò rárá, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n bọ́ sí ààyè wọn. Àyẹ̀wò tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Nọ́ńbà tí QGIS kọ nìkan kò tó.

6. Ẹ ka orúkọ pẹ̀lú etí

Ẹni tó kọ orúkọ sórí máàpù kì í gbọ́ Owé, kì í gbọ́ Yàgbà, ògbufọ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ Núpé tàbí Haúsá. Gbẹ̀dẹ̀ di Gbedde, Ìsánlú lè di Ishanlu, Ebira di Igbirra. Ẹ ka orúkọ náà sókè, ẹ yí e sí ẹ àti o sí ọ, ẹ gbìyànjú g níbi tó yẹ kí gb wà, ẹ bọ́ h kúrò. Ẹ tún bi àwọn Núpé àti Kákándá aládùúgbò, pàápàá lápá Bùnú àti Òwòrò, ohun tí wọ́n ń pe ibẹ̀.

Àmì kékeré tó ní orúkọ ènìyàn lè jẹ́ abà tí olórí rẹ̀ dáhùn nígbà tí wọ́n bèèrè "ta ló ni ibí." Àbúrò rẹ̀ gba ibẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, orúkọ yí padà lórí máàpù kejì. Ẹ má yára sọ pé ìlú kan parẹ́. R.H. tí ẹ ó máa rí kì í ṣe orúkọ: ilé ìsinmi àwọn òyìnbó ni, ó sì sábà máa ń wà lẹ́yìn ìlú díẹ̀.

Ibi tí orúkọ wà lójú máàpù kọ́ ni ìlú wà. Àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wọn, àmì yìí lè wà lápá òsì tàbí ọ̀tún orúkọ, níbi tí àyè bá ti wà. Lórí máàpù fọ́tò bàálù, ilé wà níbi tó yẹ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó wá gba orúkọ lẹ́yìn náà lè fi orúkọ abà kan sórí èkejì.

Pé orúkọ kò sí níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ìlú kò sí. Nígbà tí Daniel May, arìnrìn-àjò òyìnbó, gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí ìpàdé odò ní 1858, ọ̀nà tó gbà ni máàpù rẹ̀ lè fi hàn yín. Ohun tó wà ní ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òfìfo ni lójú irú máàpù bẹ́ẹ̀.

7. Ẹ fa òbìrípo

Ẹ má fi ẹyọ àmì kan ṣoṣo lọ sí igbó, ẹ fa òbìrípo yí i ká. Ẹ mú àṣìṣe tí QGIS pè ní Mean error, ní mítà, ẹ fi mìlímítà méjì bébà kún un. Lórí 1:125,000, mìlímítà méjì jẹ́ 250 mítà. Tí àṣìṣe bá jẹ́ 180, òbìrípo yín yóò ní 430 mítà láti àárín dé etí, ó sì gba nǹkan bí hẹ́kítà 58. Ilẹ̀ tí ènìyàn mẹ́rin lè wò láàárín ọjọ́ kan nìyẹn. Tí òbìrípo bá lé ní kìlómítà méjì, ẹ padà sí ìpele 4.

8. Ẹ bi àgbà kí ẹ tó fi máàpù hàn án

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé máàpù síwájú bàbá, tó ní "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ibí ni?", bẹ́ẹ̀ ni ni yóò gbọ́. Àgbà kò ní fẹ́ já ọmọ kulẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, kí ẹ sì bèèrè ohun tí máàpù kò lè fi sí wọn lẹ́nu: Odò wo ni wọ́n ń pọn? Òkè wo ni oòrùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀? Tí èèyàn bá jáde níhìn-ín ní àárọ̀, ibo ló máa dé kí oòrùn tó mú? Ojúbọ wo ni wọ́n ṣì máa ń padà lọ, ta ni ó sì ń ṣe é? Ìbéèrè odò ló máa ń so èso jù, nítorí pé obìnrin ilé mọ̀ ọ́n ju ọkùnrin lọ. Ẹ bi àwọn ìyá náà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà kejì, ní agboolé mìíràn, láìjẹ́ kí ó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tẹ́ máàpù sílẹ̀. Tí odò tí àwọn méjèèjì dárúkọ bá gba inú òbìrípo yín kọjá, ẹ ti ń sún mọ́ ọn.

9. Ẹ lọ wò ó

Oṣù kìíní àti èkejì ló dára, nígbà tí iná ti jó koríko tí ojú ilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba tàbí baálẹ̀ àti olóko, ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ mú ọdẹ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú dání, kí ẹ sì bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Igbó wa kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ẹ ń wá: igi osè tó tò, pèrègún tí kò yẹ kó wà láàárín igbó, akòko, ojú ọlọ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, àfọ́kù ìkòkò, òkúta tí wọ́n tò bí ìpìlẹ̀ ògiri. Ọ̀kan ṣoṣo kò tó, torí abà lásán lè ní osè kan. Ẹ wá mẹ́ta tó wà pọ̀. Ẹ tẹ GPS ní orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yàwòrán rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀: òfin àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ kò gba kí ẹnikẹ́ni wa ojú ilé àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ.

Tí ẹ bá ń tẹ̀lé kọ́ńpáàsì láti orí máàpù àtijọ́, ẹ rántí pé àríwá kọ́ńpáàsì ayé ìgbà náà kì í ṣe ti òní. Dígírì mẹ́wàá tí ẹ kò yọ yóò gbé yín kúrò lọ́nà ní 176 mítà lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ààlà: ìlà tí òyìnbó fà láàárín district kan àti èkejì, owó orí ni wọ́n fi ń gbà. Kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀, òbìrípo 430 mítà kò sì lè pààlà oko. Tí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù, awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni kí ó wọn ilẹ̀ kó sì fọwọ́ sí pílàánù.

Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí mọ́ fáìlì náà: nọ́ńbà ṣíìtì, ọdún ìwọ̀n àti ọdún ìtẹ̀jáde, ibi tí ẹ ti rí i, àwọn ibi tí ẹ fi so ó, irú Transformation, àṣìṣe rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ lọ sí igbó. Ẹ fi fáìlì ibi ìsomọ́ tó ní .points lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, torí láìsí i, ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 4.